Ìbọn tí à ń kì lẹ́nu: àwọn ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ máa ń bi mí

Bàbá tó bí bàbá mi dọdẹ títí ó fi darúgbó, ṣakabùlà kan ṣoṣo ló sì lò. Èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Maryland báyìí, mo ń fi ìbọn tí à ń kì lẹ́nu dọdẹ àgbọ̀nrín lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ilé wa tó wà ní Amẹ́ríkà sì ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń wọlé, fóònù mi kì í sinmi. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, mo wá kó o jọ síbí kí n lè rójú sùn.

Ìbọn yìí àti ṣakabùlà ilé wa, ṣé ọ̀kan náà ni?

Ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ ilà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Méjèèjì là ń da ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí ọta á tẹ̀lé e, tí a ó sì fi ọ̀pá kì í títí yóò fi jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n inú irin ṣakabùlà dán bíi ti páìpù omi (òmíràn wà tó jẹ́ pé páìpù omi gan-an ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ́), wẹ́wẹ́ irin tàbí ọta kéékèèké ni ọdẹ sì ń kó sí i, tí wọ́n á fọ́n ká bó bá ti dún. Èyí tí ẹ fẹ́ rà yìí, wọ́n kọ ilà sínú irin rẹ̀, ilà tó lọ́ yípo bí okùn. Ilà yẹn ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń jáde, ohun tó bá sì ń pòòyì kì í ṣìnà bọ̀rọ̀. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbé. Bí ẹ bá yìn ín tí kò bá ẹran, ẹran ò ní dúró de yín kí ẹ kì òmíràn.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò, agbára rẹ̀ àbí owó rẹ̀?

Kò sí èyí tó kọ́kọ́ kàn nínú méjèèjì. Ìwé òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, ti ọdún yìí, kì í ṣe ti èṣí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ya sáà kan sọ́tọ̀ fún ìbọn tí à ń kì lẹ́nu, olúkúlùkù wọn ló sì mọ irú èyí tó fẹ́ rí lọ́wọ́ ọdẹ.

Ojúlùmọ̀ mi kan ra inline (irú ìbọn yìí ti ìgbàlódé) olówó gọbọi, ó de awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn mọ́ ọn lórí, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní Pennsylvania fún sáà tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. Sáà yẹn ti wà láti 1974, ti ìbọn olókùúta sì ni: òkúta ni kó ṣá iná, fífẹ̀ ihò ẹnu ìbọn ò sì gbọdọ̀ kéré sí .44 ínṣì. Inline kò ní nǹkan án ṣe níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pe àkíyèsí rẹ̀ sí i lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó ti iná nínú ilé, ó ń mu tíì. Ìbọn kan náà yẹn ì bá wúlò fún un ní Pennsylvania kan náà lóṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n máa ń gba inline láàyè fún abo àgbọ̀nrín.

Níhìn-ín ní Maryland, wọn ò bá inline jà, wọn ò sì bá awò jà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ihò ẹnu rẹ̀ tó .40, kí ẹ̀tù inú rẹ̀ má sì dín sí 60 gréènì (òṣùwọ̀n kékeré ni, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú páùn kan). Ohio gba .38 sókè, oṣù Kìn-ín-ní sì ni sáà tiwọn máa ń bọ́ sí, nígbà tí òtútù ń bu ènìyàn jẹ. Ẹ lọ sí Colorado, ìtàn yí padà: ní sáà ìbọn yìí ní oṣù Kẹsàn-án, kò sí awò, kò sí ẹ̀tù tí wọ́n tẹ̀ bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, kò sí ọta tí wọ́n fi ike wé. Idaho tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tirẹ̀, nítorí wọn ò gba primer 209 (ohun kékeré tó ń dáná sí ẹ̀tù nínú ọ̀pọ̀ inline) láàyè ní sáà tó jẹ́ ti ìbọn yìí nìkan. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo káúńtì Texas ló ní sáà yìí. Ẹni tó bá sì wà ní California ò gbọdọ̀ fi òjé dọdẹ mọ́ láti 1 Oṣù Keje 2019, nítorí náà ọta bàbà tàbí irú rẹ̀ ló máa wá.

Ẹ wá rí i pé ẹni tó bá ra ìbọn kó tó ka ìwé ti ra bàtà kó tó wọn ẹsẹ̀.

Olókùúta, oníkápù, inline: èwo ni kí n mú?

Ìdí ìbéèrè yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Olókùúta ni àgbà wọn. Òòlù rẹ̀ gbé akọ òkúta mọ́nu. Bí ẹ bá fà á, òkúta á ha irin ìṣáná, iná á ta sínú àwo kékeré tí ẹ da ẹ̀tù kíkúnná sí, iná àwo á gba ihò tíńtín kan wọ inú irin, ìbọn á sì dún. Gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tó kí ènìyàn gbọ̀n. Iná ń bù yẹ̀rì níwájú ojú yín kí ọta tó jáde. Ẹni tí kò bá lè di orí mú lórí igi ìbọn lẹ́yìn tó ti fà á, kò ní pa nǹkan kan. Òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Awọ tó ní òróró lára ni èmi fi ń bo àwo tèmi bí ojú ọjọ́ bá ṣú, mo sì ń da ẹ̀tù àwo nù, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ léraléra. Síbẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń kọ́ni ní sùúrù, kò sì sí kápù tí ẹ máa wá lọ sí ilé ìtajà.

Oníkápù ni àbúrò rẹ̀. Pásítọ̀ ọmọ Scotland kan, Alexander Forsyth, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ ẹyẹ ni pásítọ̀ náà. Àwọn ẹyẹ máa ń rí iná àwo, wọ́n á sì ti fò kí ọta tó dé. Ó wá ọgbọ́n mìíràn dá iná sí ìbọn, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1807. Inú ọgbọ́n yẹn ni kápù ti jáde lẹ́yìn náà: fìlà bàbà kékeré tí a fi dé orí ọmú irin, tí òòlù á lù, tí iná á sì wọlé tààrà. Nọ́ńbà 11 ló wọ́pọ̀. Ìrì àti òjò kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, ó sì ń yára dún ju olókùúta lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ìbọn tó rí bíi ti àtijọ́ láìfẹ́ wàhálà òkúta, òun ni. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hawken, orúkọ àwọn arákùnrin méjì tó ń rọ ìbọn ní St. Louis ló ń jẹ́, Jacob àti Samuel.

Inline ni ọmọ tuntun. Tony Knight ní Missouri ló gbé MK-85 jáde ní 1985, òun ló sì mú irú ìbọn yìí gbajúmọ̀. Ohun tó ń dáná wà ní ẹ̀yìn ẹ̀tù gan-an, ní ìlà tààrà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Primer 209, èyí tí wọ́n ṣe fún ọta shotgun, ló pọ̀ jù nínú wọn báyìí. Iná rẹ̀ gbóná, ó sì wà ní ibi tí òjò kò lè dé. Ẹ tún lè tú ìdí irin rẹ̀ kí ẹ wo inú láti ìparí dé ìparí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe fún méjì àkọ́kọ́ láìpe alágbẹ̀dẹ.

Ìdájọ́ tèmi: bí òfin yín bá gba inline, tí ẹ kò sì tíì mú ìbọn rí, ẹ mú inline. Ẹ má jẹ́ kí àwọn arúgbó inú igbó fi yín ṣẹ̀sín. Ẹran tó kú wẹ́rẹ́ sàn ju èyí tó gbọgbẹ́ lọ kú sínú ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n bí Pennsylvania ni ilé yín, ẹ tètè ra olókùúta, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìwọ̀n ihò ẹnu rẹ̀ ńkọ́? .45, .50, .54?

.50, fún ọdẹ àgbọ̀nrín. Ọta rẹ̀ àti ohun èlò rẹ̀ ló kún ilé ìtajà jù, ó sì tẹ́ òfin gbogbo ìpínlẹ̀ tí mo dárúkọ lókè lọ́rùn. Ọta roboto tó ń wọ .50 jẹ́ .490, nítorí àkísà tí a fi ń wé e ló ń dí àyè tó kù. Ó wọ̀n bíi 180 gréènì. Ti .45 fúyẹ́, bíi 130 gréènì. Ti .54 tó 220 gréènì, òun ni mo máa mú bó bá jẹ́ pé ọta roboto nìkan ni mo fẹ́ máa lò fún ẹranko ńlá bí elk. Ní Colorado tilẹ̀, .40 tó fún àgbọ̀nrín, àmọ́ elk àti moose ń fẹ́ .50 ó kéré tán.

Wọ́n kọ 1:48 tàbí 1:28 sára ìbọn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ilà inú irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. 1:48 túmọ̀ sí pé ilà yẹn yí ká ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú 48 ínṣì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ilà ṣe ń lọ́ kíákíá tó. Ọta roboto ń fẹ́ ilà tó rọra lọ́, bíi 1:60 tàbí 1:66. Ọta gígùn àti èyí tí wọ́n fi ike wé ń fẹ́ èyí tó yára, 1:28 sì ni ọ̀pọ̀ inline ń gbé. 1:48 jókòó sáàárín, ó ń gba tọ̀tún tòsì, kò sì mọ ọ̀kan ṣe jù. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ ọta tí òfin yín gbà, kí ẹ tó wo nọ́ńbà yìí. Mo ti rí ẹni tó ń bú ìbọn rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kò lè ta ọta síbi kan náà, ọta roboto ló sì ń kì sínú 1:28 pẹ̀lú ẹ̀tù rẹpẹtẹ.

Ẹ̀tù wo ni kí n lò?

Ẹ jẹ́ kí n fi àmì sórí rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó bá ka ẹtu (ẹranko) àti ẹtù (ẹyẹ) pọ̀ mọ́ ẹ̀tù (ti ìbọn) yóò kàn ṣìwé kà ni, àmọ́ ẹni tó bá ṣi ẹ̀tù lò lè pàdánù ọwọ́.

Ẹ̀tù dúdú ti àtijọ́ wà síbẹ̀: iyọ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní saltpetre, èédú àti imí ọjọ́. Lẹ́tà F ni wọ́n fi ń sọ bó ṣe kúnná tó. Bí F bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe kúnná tó. FFg ni fún .50 sókè, FFFg fún èyí tó kéré, FFFFg sì ni fún àwo olókùúta. Olókùúta kò ní àyàn: ẹ̀tù dúdú gidi ni kó jẹ, nítorí àwọn arọ́pò rẹ̀ kì í tètè gbaná.

Àwọn arọ́pò náà ni Pyrodex, Triple Seven, Blackhorn 209. Wọ́n rọrùn láti rí ju ẹ̀tù dúdú lọ, nítorí abúgbàmù ni òfin ka ẹ̀tù dúdú sí, kì í ṣe gbogbo ilé ìtajà ló sì lè kó o sílé. Triple Seven lágbára ju ẹ̀tù dúdú, àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ní kí a dín ìwọ̀n kù. Blackhorn 209 ń fẹ́ primer 209, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú kápù nọ́ńbà 11. Èyí tí wọ́n tẹ̀ bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, 50 gréènì lọ́kọ̀ọ̀kan ló wọ́pọ̀ jù, inline ló wà fún. Méjì tó fún àgbọ̀nrín. Ìpolówó á ní kí ẹ kì mẹ́ta. Èjìká yín ni yóò gba èsì.

Gbogbo ìwọ̀n yìí, ife ìwọ̀n ni a fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe òṣùwọ̀n orí tábìlì, àfi bí ìwé ìbọn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ má sì dà á láti inú ìwo tàbí agolo sẹ́nu ìbọn tààrà láé. Ẹyin iná lè kù nínú irin láti ìgbà tó kọ́kọ́ dún. Bí ó bá ràn mọ́ ife kékeré, a dúpẹ́, bí ó bá ràn mọ́ odindi agolo, ó di ti pósí.

Ẹ̀tù ìbọn ìgbàlódé, èyí tí kì í rú èéfín, kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ìba díẹ̀ rẹ̀ lè fọ́ irin mọ́ yín lójú. Ìbọn mélòó kan wà tí wọ́n dìídì rọ fún un, wọ́n sì kọ ọ́ sára wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Báwo ló ṣe lè jìnnà tó?

Ọta roboto: 75 yáàdì dára, 100 ni mo ń dúró sí. Inline tó ní ọta gígùn àti awò lè dé 150, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n sì lè mú un dé 200. Àmọ́ ibi tí ọwọ́ yín ti lè ta ọta márùn-ún léra wọn sórí àwo ìjẹun kan, ibẹ̀ ni òpin yín, ohun yòówù tí páálí ìbọn ìbáà kọ.

Ṣé mo nílò awò?

Bí òfin bá gbà á tí ojú yín sì ti lé ní ogójì ọdún bíi tèmi, bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé àlòkù dára?

Ó dára bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wò. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe dídán ara rẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kan ìdí, ẹ fi ìka mú ibi tó dé, ẹ wá yọ ọ́ kí ẹ nà án sí ẹ̀gbẹ́ irin lóde. Bí ọ̀pá kò bá dé ibi tí kápù tàbí àwo wà, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti kì í sílẹ̀. Ẹ tan iná sínú lẹ́yìn náà. Inú tó ti dógùn-ún kọjá díẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Ilà rẹ̀ ti lọ. Ẹ gbé òòlù sókè dé àárín, ẹ rọra fà á: bó bá já, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ṣé mo nílò ìwé kí n tó rà á?

Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1968, ìbọn tí à ń kì lẹ́nu tí kò lè lo ọta ìgbàlódé kò sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní firearm, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí wọn tí wọ́n ń gbé e wá sílé fún ènìyàn bí ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ní òfin tirẹ̀: New Jersey ka tiwọn sí ìbọn gidi. Bákan náà ni ti ìbọn tó jẹ́ pé ẹ lè yọ irin rẹ̀ kí ẹ fi irin ìbọn ìgbàlódé rọ́pò, ìbọn gidi ni ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kà á sí. Ẹni tó wà lórí físà tí kì í ṣe ti ìgbé ayé, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí, kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ìwé-àṣẹ ọdẹ àti ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ tún wà lọ́tọ̀.

Mo ti kì í, mo fà á, kò dún. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má yí ẹnu rẹ̀ síbì kankan. Ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tí kò séwu, ẹ ka ìṣẹ́jú kan, nítorí ó lè pẹ́ dún. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ kápù tàbí ẹ̀tù àwo, kí ẹ tún gbìyànjú.

Bí kò bá tún dún, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí ń tini lójú: ṣé mo da ẹ̀tù sí i? Ní ọdún kejì mi, mo gun orí igi lóru, mo kì ọta, mo dé kápù, àgbọ̀nrín ọlọ́pọ̀ ìwo sì dúró sí ogójì yáàdì. Táà! Kápù nìkan ló dún. Ẹran náà wò mí bí ìyá ìyàwó ti ń wo àna ọ̀lẹ, ó sì rìn lọ. Irin olójú skúrù kan wà tí a fi ń fa irú ọta bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ ìbọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sì fi ọ̀bẹ fa àmì méjì sára ọ̀pá yín, ọ̀kan fún ìgbà tí inú ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tó kún. Àmì kejì yẹn tún ń sọ fún yín bí ọta bá ti jókòó lórí ẹ̀tù. Ọta tó dúró lágbedeméjì, tí àyè wà láàárín òun àti ẹ̀tù, lè bẹ́ irin.

Fífọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè di ọjọ́ kejì?

Rárá o. Èérí ẹ̀tù dúdú àti Pyrodex ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin lóru kan. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, àkísà títí yóò fi jáde ní funfun, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró pa á. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹni tó ń fi abọ́ ọbẹ̀ sùn nínú omi ni yín, ẹ ra inline tí ìdí rẹ̀ ń tú, kí ó lè yá.

Èló ni kí n mú dání?

Inline tó dáa tí kò ní ọ̀ṣọ́ lè wá ní $250 sí $300. Olókùúta tí ilé iṣẹ́ ṣe máa ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, èyí tí ọwọ́ ènìyàn kan rọ fún yín nìkan sì ń wọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjì-mẹ́ta. Ẹ má ra olókùúta tí owó rẹ̀ rọlẹ̀ jù. Irin ìṣáná tí kò le kì í ta iná, iná sì ni gbogbo ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ fi owó sílẹ̀ fún ẹ̀tù. Páùn ẹ̀tù kan jẹ́ 7,000 gréènì, ìyẹn bíi 100 ìgbà bí ẹ bá ń lo 70. Ẹ yìn ín tán nídìí ìdánrawò kí sáà tó ṣí.

Ìyàwó mi fẹ́ bá mi lọ. Ṣé tèmi tó fún un?

Ẹ jẹ́ kó gbé e séjìká nínú ilé ìtajà pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Bí igi ìbọn bá gùn jù fún un, ẹ ra tirẹ̀.

Ṣé mo lè gbé e lọ sílé, kí àwọn ọdẹ àdúgbò wa rí i?

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 dárúkọ ṣakabùlà, olókùúta àti oníkápù pátápátá, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní wọn láìgbàṣẹ. Kíkó ìbọn wọ ìlú tún wà lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, bí ẹ bá ń wọ bàálù lọ dọdẹ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ìbọn lè wà nínú àpótí tó ní àgádágodo láàárín ẹrù tí ẹ fà lé wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún wọn. Ẹ̀tù, kápù àti primer kò gbọdọ̀ wọ bàálù rárá, ìbáà jẹ́ nínú ẹrù yẹn tàbí nínú àpò ọwọ́. Ẹ pe ilé ìtajà tó wà níbi tí ẹ ń lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ béèrè bí wọ́n bá ní irú tí ẹ ń lò.